Ìdúnàádúrà lórí Ẹṣin Kékeré Kan

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Oníkan wọ Erékùṣù Èkó, tí ó dé ẹnu ọ̀nà ńlá Gbàgede Tafawa Balewa, yóò rí ère ẹṣin funfun mẹ́rin tí wọ́n gbé sókè lórí ẹnu ọ̀nà náà, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bẹ́ wọ ìgboro. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gba abẹ́ wọn kọjá lójoojúmọ́ tí wọn kì í bi ara wọn léèrè ohun tí ẹṣin ń wá níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Orí ilẹ̀ yẹn ni pápá ìsáré ẹṣin Èkó wà kí ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon tó wó o, tí wọ́n sì kọ́ gbàgede náà sí ipò rẹ̀ ní ọdún 1972. Pápá yìí kan náà ni wọ́n ti sọ àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ tí wọ́n sì fa ti Nàìjíríà sókè nígbà tí a gba òmìnira ní ọdún 1960.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹṣin ère ni mo tìtorí rẹ̀ gbé kálámù. Ẹṣin ẹlẹ́mìí kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹṣin kékeré tí àwọn ọmọdé ń gùn, àti ìdúnàádúrà tí ó wáyé nígbà tí a fẹ́ tà á. Bí ó bá ṣe ẹ̀yin òǹkàwé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kéré, mo bẹ̀ yín kí ẹ ní sùúrù fún mi. Inú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni mo ti kọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iye àti iyì, ìtàn ìlú wa sì fi yé mi pé ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ náà lè ná ohun tí kò yẹ kí ènìyàn ná.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ni ó ni ẹṣin náà. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé wa wà, kò jìnnà sí Ìgà Ìdúnganran, Ẹbúté-Èrò sì ni Bàbá Kékeré ti ń ṣòwò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, ó ra ẹṣin náà ní 30 pọ́n-ùn, ó sì fi í sọ́dọ̀ ọkùnrin Hausa kan ní Ọbáléndé pé kí ó máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú àti lọ́jọ́ ọdún, ọkùnrin yìí á fà á lọ sí etíkun Bar Beach, àwọn òbí á san sísì kan, ọmọ wọn á sì gun ẹṣin láti ìdí igi àgbọn kan dé ìkejì. Ní ọdún 1976, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá Kékeré, àkọ́bí rẹ̀ sì fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó ní òun yóò ta ẹṣin náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ó fà mí lọ́wọ́ dání, ó ní kí n wá wo bí a ti ń ná ọjà.

Kí n tó sọ bí ọjà náà ti lọ, ó yẹ kí a mọ irú ohun tí a gbé lọ tà. Ẹṣin kì í ṣe ohun ọ̀sìn tí ilẹ̀ igbó gbà bí ó ti gba ewúrẹ́ àti adìẹ. Eṣinṣin tsetse, tí í máa fa àìsàn oorun sí ènìyàn lára, kì í jẹ́ kí ẹṣin ńlá pẹ́ láyé ní ilẹ̀ igbó. Ẹṣin kékeré tí ó ti pẹ́ ní apá ìhín a máa fara da àrùn náà díẹ̀ ju àwọn ńláńlá tí wọ́n ń kó wá láti apá àríwá lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé Ọ̀yọ́ Ilé, tí ó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ni ó lè ní ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tí ó lókìkí láàrin àwọn ìlú Yorùbá. Síbẹ̀, àwọn Ọ̀yọ́ kò lè sin ẹṣin tí yóò tó wọn lò. Ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè, ní Ìbàrìbá, ní Nupe àti ní ilẹ̀ Hausa, ni wọ́n ti ń rà á. Ẹṣin níyì ní ààfin tó bẹ́ẹ̀ tí a fi yan ìjòyè tí ń jẹ́ Ọlọ́kùn-ẹṣin sí orí rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń fi ra ẹṣin? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ní ọdún 1455, Alvise Cadamosto, ọmọ ìlú Venice tí ó bá àwọn Potogí ṣòwò dé ilẹ̀ Senegal, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrú mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń fi ra ẹṣin kan pẹ̀lú ìjánu àti gàárì rẹ̀, bí ẹṣin náà bá ti dára sí. Leo Africanus, tí ó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, sọ pé ọba Bornu a máa san ẹrú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún fún ẹṣin kan. Ọ̀yọ́ pàápàá ń ta ènìyàn sí etíkun, lára ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ra ẹṣin lókè. Ẹṣin ń gbé ológun lọ sí ojú ogun, ogun ń mú ẹrú wá, ẹrú sì ń ra ẹṣin mìíràn.

Èkó kò mọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìlàjì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú wa wà lára àwọn èbúté tí òwò ẹrú ti gbilẹ̀ jù lọ ní gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí Ọba Akíntóyè sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852, ni òwò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ná ẹrú ní Èkó kì í ṣe òpè nídìí ọjà. Wọ́n ń wo eyín, wọ́n ń wo ẹsẹ̀, wọ́n ń bèèrè ọjọ́ orí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ẹṣin. Wọ́n mọ iye. Iyì ni wọn kò mọ̀. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé iye tí olùtà àti olùrà bá ti fẹnu kò sí ni iye tí ó tọ́, mo máa ń rántí pé olùtà àti olùrà ti fẹnu kò lórí ọ̀pọ̀ nǹkan ní etíkun yìí rí.

Ohun kejì tí ìtàn kọ́ mi ni pé owó fúnra rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. 20,000 owó ẹyọ ni ọ̀kẹ́ kan. Láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ tí ó tóbi jù ti àtijọ́ wá láti etíkun Zanzibar, wọ́n sì kó o wọ Èkó lọ́pọ̀lọpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbára owó ẹyọ fi wálẹ̀. Ẹni tí ó ti kó ọ̀kẹ́ owó pamọ́ sí àjà wá rí i pé iye rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà ti dín. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Kékeré. Pọ́n-ùn ni ó fi ra ẹṣin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan, 30 pọ́n-ùn rẹ̀ sì di 60 náírà. Ní ọdún 1975, owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ dé, gbogbo ọjà sì fò sókè. Olùtà tí ó bá wá sọ ní ọdún 1976 pé, “60 náírà ni mo rà á, èrè díẹ̀ ni mo fẹ́,” ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Iye tí a ra nǹkan kò lè nìkan pinnu iye tí a ó tà á.

Ọbáléndé, níbi tí a ti lọ ná ọjà yìí, ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà Gómìnà Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gọ́lọ́bà, ní àwọn ọdún 1860, ni ìjọba ti ń gba àwọn ọmọ Hausa sí iṣẹ́ ológun ní Èkó. Ìtàn ẹnu sọ pé ìjọba ni ó ṣí àwọn ènìyàn wọn nípò lọ sí ibi tí a ń pè ní Ọbáléndé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọba ni ó lé wọn dé ibẹ̀. Pápá ìsáré ẹṣin, tí a sọ pé Ọba Dòsùnmú ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1859, kò jìnnà sí wọn. Láti ọdún 1904 ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù pólò lórí ẹṣin ti wà ní Èkó, Ìkòyí ni pápá tiwọn sì wà. Ẹni tí ó bá mọ ẹṣin tọ́jú ní Èkó kò lè ṣàìríṣẹ́ nígbà náà.

Àwọn Hausa yìí mú àṣà ọjà tiwọn wá. Láàrin wọn, ọjà ẹran kì í sábàá jẹ́ ti ẹni méjì péré. Alágbàtà kan, tí wọ́n ń pè ní dillali, a máa wà láàrin olùtà àti olùrà. Owó tí ó ń gbà fún iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní lada. Abner Cohen, tí ó ṣèwádìí nípa àwọn Hausa Sábó ní Ìbàdàn, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1969, ṣàlàyé bí àwọn baálé oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń dúró fún àwọn alápatà Yorùbá tí wọ́n ń ra màlúù láwìn. Bí alápatà kò bá san owó, baálé ni yóò san án. Orúkọ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tà. Bí ó bá ti ẹni méjì jẹ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní ọjà mọ́.

Òfin méjì sì tún pàdé lórí ilẹ̀ Èkó. Òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní kí olùtà sọ àbùkù ọjà rẹ̀. Bí ó bá fi í pamọ́, olùrà lè dá ọjà padà. Ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, olùrà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kìlọ̀ fún pé kí ó la ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọjà títà wọn ti ọdún 1893, èyí tí ó di òfin Èkó pẹ̀lú, sọ pé bí olùrà bá sọ ohun tí ó fẹ́ fi ọjà ṣe fún oníṣòwò, tí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ rẹ̀, ọjà náà gbọdọ̀ wúlò fún ohun náà. Ní ti Yorùbá, òwe tí a ń pa lórí ọ̀rọ̀ yìí korò: òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Òwe yìí kò kọ́ wa pé kí a máa purọ́. Ó kàn ń sọ ohun tí ojú àwọn àgbà ti rí lọ́jà ni.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí abẹ́ igi ní Ọbáléndé. Àlàájì kan ni alágbàtà. Olùrà jẹ́ káfíńtà kan láti Lafiàjì, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa gun ẹṣin náà, kí ó sì máa fi í yá àwọn tí ń ṣe ọdún ìbí fún ọmọ wọn. Ó ya ẹnu ẹṣin wo eyín rẹ̀, nítorí eyín ni a fi ń mọ ọjọ́ orí ẹṣin. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo pátákò. Ó ní kí wọ́n fà á rìn, kí wọ́n jẹ́ kí ó sáré díẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó ń tiro. Níkẹyìn, ó ní kí wọ́n gbé mi gùn ún. Mo gùn ún. Ẹṣin náà dúró jẹ́ẹ́.

“Bàbá, èló ni ẹ fẹ́ gbà?”

“160 náírà.”

“Háà! Bàbá, ṣé ẹṣin tí ń ka ìwé ni? Ẹ jẹ́ kí n san 80.”

“Kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ó ti tutù lábẹ́ ọmọdé. Ṣé ọjọ́ kan ni wọ́n fi kọ́ ọ ni?”

“Mo gbà pé ó tutù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹ gba 100.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, ọ̀kan ń fi kún un, èkejì ń yọ kúrò, Àlàájì ń pàrọwà sí méjèèjì pé kí wọ́n sún mọ́ ara wọn. Olùrà ṣe bí ẹni ń lọ, Àlàájì pè é padà. Wọ́n dé 130 náírà. Olùrà ti ti ọwọ́ bọ àpò. Ìgbà náà ni Bàbá Kékeré sọ pé, “Ọ̀rọ̀ kan kù.”

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, ìjọba ológun yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní Bar Beach, èrò sì pọ̀ bí omi. Ọkùnrin tí ń tọ́jú ẹṣin wa ti fà á lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà; ó rò pé ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni owó pọ̀ sí. Nígbà tí ìbọn dún, ẹṣin já okùn, ó sá wọ àárín èrò. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọmọ kankan lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti gbọ́ ìró tí ó jọ ti ìbọn, kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró. Èkó sì ni a wà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń yin ohun tí ń dún gbàmù ní àkókò Kérésìmesì àti ọdún tuntun.

Olùrà yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Ó wo ẹṣin, ó wo èmi tí mo ṣì wà lórí rẹ̀, ó ní, “Ẹ gbé ọmọ yẹn sọ̀kalẹ̀.” Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò san 100 náírà, kò ní fi kọ́bọ̀ kan lé e. Bàbá Kékeré gbà. Ó fi gàárì àti ìjánu ṣe ènì fún un, ó sì ní kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹṣin náà jáde láti ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì títí ọdún yóò fi yí. Àlàájì gba lada tirẹ̀ pé, kò dín kọ́bọ̀.

Nígbà tí a délé, ìyàwó Bàbá Kékeré, tí ń tajà ní Jánkárà, gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ó ní, “Ta ló bi yín? Ṣé ọkùnrin náà bi yín ni?” Bàbá Kékeré dáhùn pé, “Ọmọ ni yóò gùn ún.” Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ọmọ tiwa náà ni yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.” Kò sí ẹni tí ó fèsì sí èyí. Nínú èésú tí òun fúnra rẹ̀ ń dá ni ó ti yọ owó tí ó fi dí àlàfo náà, ó sì pẹ́ kí ó tó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti ìyá náà ni mo gbè sí. Ó ṣe tán, ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Kò sí ẹṣin tí kò lè gbé ènìyàn ṣubú, olùrà kò sì bèèrè. Títí di òní, n kò lè sọ pé ó jẹ̀bi, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ìnira ọ̀rọ̀ náà já lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di ẹni tí ń ka ìwé ìtàn, tí mo ka iye ẹrú tí a ń fi ra ẹṣin kan, ojú tí mo fi ń wo 30 náírà náà yí padà. Kì í ṣe èrè tí a pàdánù ni. Bí Bàbá Kékeré bá gbà á, iye tí a ta ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ni ì bá jẹ́. Òun, tí kò kàwé púpọ̀, mọ ohun tí ó ń tà, ó sì mọ ohun tí kò fẹ́ tà mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé iye tí ó tọ́ kì í ṣe iye tí ó wà ní agbede-méjì 160 àti 80. Ìnájà kò burú. Eré ọgbọ́n ni, ó sì ń jẹ́ kí ẹni méjì mọ ara wọn. Kí olùtà sọ iye tí ó ní àyè nínú. Kí ó ka ọjọ́ orí ẹran, ìlera rẹ̀, ìwà rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ ọ mọ́ ọn, nítorí ìwà tútù ni iyì ẹṣin ọmọdé. Kí ó wo agbára owó lọ́jọ́ tí ó ń tà á, pàápàá ní ilẹ̀ tí náírà ti wálẹ̀ tó bí ó ti wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá fẹnu kò sí kò tíì tọ́ títí ohun tí olùtà mọ̀ yóò fi di mímọ̀ fún olùrà. Ìgbà náà ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná ọjà kan náà. Ṣáájú ìgbà náà, ẹṣin méjì ni wọ́n ń ná: ọ̀kan wà lójú olùrà, èkejì wà nínú ọkàn olùtà.

Bar Beach tí mo mọ̀ kò sí mọ́. Wọ́n ti kó iyanrìn dí òkun níbẹ̀, wọ́n sì ṣí ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic níbẹ̀ ní ọdún 2013. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gun ẹṣin létí òkun lè lọ sí Ẹlẹ́gùṣì. Ní ti ẹṣin wa, káfíńtà náà ń bá wa kí ara wa títí Bàbá Kékeré fi jáde láyé. Bí Iléyá bá dé, ẹran dé láti Lafiàjì. Bí mo bá ń kọjá lábẹ́ àwọn ẹṣin funfun ní Oníkan, òun ni mo máa ń rántí. Àwọn wọ̀nyẹn kò ní àbùkù tí ẹnikẹ́ni ní láti sọ. Ẹṣin ẹlẹ́mìí ní tirẹ̀, kò sì lẹ́nu tí ó lè fi sọ ọ́. Olówó rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́, kí ọwọ́ olùrà tó jáde nínú àpò.